Ọ́ìlì Tí Mo Dà sí Maṣín Bàbá Ìyàwó Mi

Ṣèyí, o ní kí n sọ ọ́ìlì tó yẹ ṣọ́ọ̀kì iwájú maṣín rẹ fún ọ. O ti to agolo méjì sórí tábìlì níwájú mi, o wá dúró bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Nọ́ńbà wà lára èkíní, nọ́ńbà wà lára èkejì. Ẹni tó bá ti lè kàwé á mọ èyí tó ki àti èyí tó ṣàn kó tó ṣí ọmọrí wọn. Ayé ti dẹ̀rùn fún yín. Jókòó ná. Pe àwọn àbúrò rẹ tó wà lẹ́yìnkùlé, kí àwọn náà wá jókòó. Ọdún kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pé lọ́sẹ̀ tó lọ tí a sin ìyá yín àgbà, gbogbo yín sì wà nílé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì lo béèrè, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì náà ni màá sọ. Nínú rẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ bí bàbá ìyá yín àgbà ṣe kú, torí ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni ìyá yín àgbà ń bi mí léèrè ohun tó pa bàbá rẹ̀, lọ́dọọdún ni mo sì ń purọ́ fún un.

Ẹ má wo ojú mi bóyá omi ń bọ̀ níbẹ̀. Kò sí omi kankan. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dákẹ́ nínú mi, tí kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, kò dùn mí, kò sì fúyẹ́ lọ́kàn mi. Ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ibi tí a jókòó sí ní àdúgbò Dàda yìí, igbó ni mo mọ̀ ọ́n sí, okété la máa ń wá dẹ níbẹ̀. Ní Òṣogbo ìgbà náà, fèrè rélùwéè ni aago wa. Bó bá ti dún láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè á ti tú jáde, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí tó fi le gbandi, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ wọn, aago kẹ̀kẹ́ á máa dún kílíń kílíń káàkiri ìgboro. Ẹni tó bá ní alùpùpù nínú wọn, èèyàn ńlá ni. Kì í ṣe bíi tìsinsìnyí tí ọ̀kadà ń kọjá tí ẹnikẹ́ni kì í gbójú sókè. Èmi tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí ẹ ń pè ní Old Garage lónìí, mo lè dijú kí n sọ ẹni tó ń bọ̀. Maṣín kílẹ́ẹ̀kì kan wà tó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró. Ti tíṣà kan wà tó jẹ́ pé ìró rẹ̀ máa ń dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú òun fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ a sì ti ráyè sá wọ kíláàsì. Mo fẹ́ràn ìró yẹn nígbà náà. Nísinsìnyí, bí maṣín bá kọjá, etí mi kàn ń gbọ́ ọ ni.

Ọ̀gá mi ni Bàbá Lámídì, ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé, mùsùlùmí òdodo. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Nínú ọdún márùn-ún yẹn, nǹkan bí ọdún kan gbáko ni mo fi ń wẹ irin nínú kẹrosín-ìn kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, oṣù mẹ́fà lẹ fi ń kọ́ṣẹ́, ẹ ó sì ti ya orúkọ yín sára pátákó.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú, fún ẹ̀yin tí ẹ ò gun maṣín, òun ni irin gbọọrọ méjì tó di táyà iwájú mú, ẹsẹ̀ maṣín la máa ń pè é. Sípíríìńgì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ́ìlì sì wà níbẹ̀ tó ń pẹ̀tù sí sípíríìńgì náà nínú kó má bàa máa ta bó ṣe wù ú. Bí ọ́ìlì bá ṣàn jù, iwájú maṣín á máa rì. Bó bá ki jù, iwájú á le gbagidi, táyà ò ní lè tẹ̀lé ilẹ̀, á kàn máa fò lórí gbágungbàgun ni. Táyà tó bá wà lófuurufú kì í gbọ́ràn sí ọwọ́ lẹ́nu. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn ló wà lórí rẹ̀.

Kò sí nọ́ńbà lára nǹkan kan nígbà tiwa. Wọ́n á gbé ọ́ìlì dé nínú garawa, a ó bù ú sínú ìgò ọtí, ó di pé kí kálukú mọ tirẹ̀. Bí ọ̀gá mi bá fẹ́ yan ọ́ìlì, wọ́n á yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, wọ́n á wí "Bìsìmílàì", wọ́n á tì í bọ inú ìgò, wọ́n á gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n á sì máa wo bí ọ́ìlì náà ṣe ń kán. Wọn ò ní sọ̀rọ̀ títí yóò fi kán tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọjú sí oníbàárà: "Ta ló ń gùn ún? Kí lẹ ń gbé sẹ́yìn? Ọ̀nà wo lẹ ń tọ̀?" Ẹni tó ń gba títì ọlọ́dà lọ síbi iṣẹ́ kò lè gba irú ọ́ìlì tí ẹni tó ń lọ sóko kòkó máa gbà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìdáhùn, wọ́n á wo ojú ọ̀run, bóyá òjò ni tàbí ọyẹ́, wọ́n á wá nawọ́ sí ìgò. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Má gbọ́ tẹnu oníbàárà tán o. Ọ̀nà tó ń tọ̀ ni kí o gbọ́ tirẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yẹn kì í ṣe àwàdà. Àgbẹ̀ kan wà tí ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ jò tán sọ́nà oko. Ó ní kí lòun ń wá ọ́ìlì òyìnbó kiri sí, nígbà tí ìyàwó òun ń yan àdí nílé. Ó da àdí sínú ẹsẹ̀ maṣín méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn ń mú, maṣín ń lọ wẹ́rẹ́, ó sì ń fi ọ̀gá mi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ọjà pé owó gọbọi ni wọ́n ń gbà. Ọyẹ́ dé lóru ọjọ́ kan, àdí dì. Nígbà tó gun maṣín jáde láàárọ̀, iwájú rẹ̀ kò tẹ̀, kò mì, ọmọ odó ló ń gùn. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, fìlà ti já bọ́, eyín kan ti mì. Ọ̀gá mi yọ bóòtù tó dí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, àdí tó ti dì yọ gọ̀bọ̀rọ̀ jáde bí ẹ̀kọ tútù. A rẹ́rìn-ín títí tí a fi jókòó sílẹ̀. Ẹ rí i pé mo mọ ohun tí òtútù ń fi ọ́ìlì tó ki ṣe. Kò sí ẹni tó lè sọ pé mi ò mọ̀.

Nígbà tí mo gba fúrídọ̀ọ̀mù, mo pa àgọ́ tèmi. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí ìyá yín àgbà. Bọ́láńlé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, láti abúlé kan tó yà lọ́nà Ìwárajà. Ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nítòsí Stéṣọ̀n. Ọdún Ọ̀ṣun ló pa wá pọ̀. Èrò pọ̀ bí omi, ẹnì kan tẹ bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀, okùn já, ó sì dúró sáàárín ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ àti ẹsẹ̀ kan lókè. Mo mú wáyà láti inú àpò mi, mo fi so bàtà náà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ máa rán an tí wáyà bá já." Ọ̀sẹ̀ kejì ló mú bàtà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, bẹ́ẹ̀ wáyà náà kò tíì já.

Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó tó múṣẹ́ ni. Ọdún kan tí kòkó ṣe dáadáa ni wọ́n ra alùpùpù, èyí tí àwọn ará Japaanu ń ṣe, pupa rokoṣo. Kò sí maṣín méjì ní abúlé náà. Bí wọ́n bá ń bọ̀ láti Ìwárajà, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀lé wọn. Wọ́n ga, wọ́n sígbọnlẹ̀, wọn kì í sì í yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Nígbà tí àwọn èèyàn mi lọ tọrọ Bọ́láńlé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Ọmọ Òṣogbo yìí, ṣé ó mọ uṣẹ́?" Wọ́n ní mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n gba ọtí wa. Ìdána ló kù, a sì fi í sí ẹ̀yìn ọdún tuntun.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa rìn lápá ọ̀tún, ni mò ń wí yìí. Kòkó ti ń gbẹ lórí ẹní. Ọyẹ́ kò tíì dé, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti wà nínú afẹ́fẹ́. Bàbá gun maṣín láti abúlé wá sí àgọ́ mi ní Òṣogbo. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì. Wọn kò tilẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo nù fún wọn.

"Ọmọ Òṣogbo, wo maṣín yìí. Bí mo bá ti gbé àpò kòkó sẹ́yìn, tí mo tẹ bíréèkì, á forí balẹ̀. Ta ló ń kí?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹrù ló pọ̀, Bàbá. Ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ ti ṣá. Màá fi èyí tó ki díẹ̀ sí i, yóò dín kù."

"Díẹ̀ kọ́. Èyí tí wọ́n ń dà sẹ́ńjìnnì lọ́rì ni kí o dà sí i. Mi ò fẹ́ kó tẹ̀ rárá. Maṣín ọmọ Ìjẹ̀ṣà ò gbọdọ̀ máa dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀nà."

"Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń bọ̀, Bàbá, ọ̀nà yín sì rí gbágungbàgun..."

Wọ́n wò mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní ohun tí màá fi maṣín mi ṣe? Ọmọ mi lo wá tọrọ, o ò wá kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́."

Ẹ̀yin ọmọ òní, ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò fèsì. Ẹ̀yin ń pe bàbá ìyàwó yín lórí fóònù, ẹ ń bá wọn ṣàwàdà bọ́ọ̀lù. Nígbà tiwa, ẹni tó bá ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹnì kan kì í bá ẹni náà jiyàn. Bí àna bá ní òjò ń rọ̀, wàá kó aṣọ ni. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Mo lọ bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lọ́rì, mo dà á sínú ẹsẹ̀ méjèèjì, mi ò tilẹ̀ ti ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí ni mo fẹ́ wò? Wọ́n jókòó lé e, wọ́n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò rì. Inú wọn dùn. Wọ́n gbá mi léjìká, wọ́n ní, "O mọ uṣẹ́. Jẹ́ kí n máa lọ ulé kí oòrùn ó tó mú." Inú tèmi náà dùn. Mo sọ èyí fún yín kí ẹ lè mọ̀. Inú mi dùn.

Ǹ bá ti da èyí tó yẹ sí i kí n sọ fún wọn pé ti lọ́rì ni. Wọn ò lè mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n yẹn kò wá sí mi lọ́kàn títí tí wọ́n fi sin Bàbá.

Ọyẹ́ dé. Ètè ń bẹ́, omi inú àmù tutù bíi yìnyín, èèyàn kì í rí òkè kejì láàárọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Bọ́láńlé wá ra òwú ní Òṣogbo, ó sì yà sọ́dọ̀ mi. Ó ti parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ó ti padà sílé lọ múra ìdána. Ó ní, "Bàbá mi ní kí n sọ fún yín pé ọwọ́ àwọn ń kú bí àwọn bá gun maṣín láàárọ̀. Wọ́n ní iwájú rẹ̀ le bí igi, ó ń gbá àwọn lọ́wọ́ títí dé èjìká."

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Mo ní, "Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ ní Sọ́ńdè. Màá gbé ọ́ìlì mìíràn dání."

"Kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀la?"

"Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀."

Iṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́. Kérésìmesì ń bọ̀, gbogbo èèyàn fẹ́ kí maṣín àwọn dára kí wọ́n lè gùn ún relé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló dá mi dúró. Ọ̀rọ̀ ni mò ń wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àna mi pé ohun tí wọ́n pa láṣẹ kò dára, láì jẹ́ pé mo sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n? Mò ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lọ́kàn, mò ń tú u ká, mò ń tún un tò. Mo rò pé ọjọ́ mẹ́ta yóò tó mi láti rí èyí tó dùn gbọ́. Mo rí i. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo ti mọ gbólóhùn tí màá fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí màá fi parí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, awakọ̀ lọ́rì kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Àkúrẹ́ dúró níwájú àgọ́ mi. Ó ní kí n máa bọ̀ lábúlé o, bàbá ìyàwó mi ṣubú láàárọ̀. Wọ́n gbé àpò kòkó kan sẹ́yìn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà kí wọ́n tó yọ sí Ìwárajà, maṣín fò kúrò lójú ọ̀nà, ó sì fi wọ́n gbá kùkùté igi. Wọn ò gbé wọn dé ọsibítù ní Iléṣà tí ẹ̀mí fi bọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ náà. Mo di bóòtù maṣín tí mò ń dì lọ́wọ́ tán. Mo rántí pé mo dì í tán.

N ò rí ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí náà, ọjọ́ Àìkú ni mo dé ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Ẹkún ti gba gbogbo ilé. Àwọn ọkùnrin ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn obìnrin wà nínú yàrá pẹ̀lú òkú. Maṣín náà wà lẹ́yìn ilé, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní kòkó. Iná iwájú ti fọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì dúró ṣinṣin. Òtútù ṣì wà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò lọ. Mo fi àyà tẹ̀ ẹ́, ó rọra rì díẹ̀, ó sì kọ̀ láti dìde.

Ọ́ìlì tí mo ṣèlérí wà nínú àpò mi, pẹ̀lú sípánà. Ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí. Mo tú bóòtù ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì lọ́rì yẹn rọra ń jáde bí oyin, ó ń fà, kì í tètè já. Mo dúró tì í títí ó fi jò tán, mo fi ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Lẹ́yìn náà, mo da èyí tó yẹ sínú rẹ̀, mo di gbogbo rẹ̀ padà, mo nu ọwọ́ mi. Iṣẹ́ tí mo wá ṣe ni mo ṣe.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà ilé jókòó. Ẹnì kan ní yíyí tí wọ́n yí ọwọ́ ìrìn ọkọ̀ padà ló fà á. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ní kò sí èyí tó jọ ọ́, aládùúgbò oko kan tí wọ́n jọ ń jà sí ààlà ló fi oògùn ṣe é. Ariwo fẹ́ sọ. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ìwọ tí o mọ maṣín, wò ó fún wa. Kí ló gbé e ṣubú?"

A jọ lọ sẹ́yìn ilé. Mo tẹ iwájú maṣín náà mọ́lẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ó rì jẹ́jẹ́, ó dìde jẹ́jẹ́. Mo ní, "Kò sí ohun tó ṣe maṣín. Iyanrìn ló pọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Iyanrìn ni." Wọ́n mi orí. Wọ́n fi aládùúgbò sílẹ̀. Bọ́láńlé dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo ọwọ́ mi.

A ṣe ìgbéyàwó náà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kò sí ariwo níbẹ̀. Ọdún kejì ni mo pa àgọ́ mi tì. Mo ní iṣẹ́ mẹkáníìkì ń ba èèyàn lára jẹ́, wọ́n gbà mí sí rélùwéè, ibẹ̀ ni mo wà títí fèrè fi dákẹ́. Àwọn èèyàn ní mo gbọ́n, mo ríran rí iṣẹ́ oṣù. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá dé, tí ọjọ́ náà bá pé, ìyá yín àgbà á din àkàrà, á fi ẹ̀kọ sí i, á pín in fún àwọn ará ilé àti àwọn ọmọdé àdúgbò. Ẹ̀yin náà ti jẹ nínú rẹ̀. Bó bá pín in tán, á gbé tèmi wá, á jókòó, á ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ̀yin lẹ mọ maṣín. Kí ló gbé bàbá mi ṣubú lójú ọ̀nà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn là?" Èmi á ní, "Iyanrìn ni." Á mí kanlẹ̀, á ní, "Ó dáa." Àwa méjèèjì á jẹun. Mo rò pé ó ń fura sí mi ni. Mo rò pé ìbéèrè yẹn jẹ́ okùn tó ń fà díẹ̀díẹ̀, tó ń dúró de ọjọ́ tí màá já. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí láti oṣù méjì ṣáájú. Nígbà tó yá, ẹ̀rù náà lọ. Ohun gbogbo lọ. Ó kù kí n kàn máa dáhùn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ ohun tí òótọ́ ń ṣe nígbà tó bá a tán.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Ọ̀sán kan ni, kì í ṣe ọjọ́ ìrántí, kò sì bi mí ní nǹkan kan. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá, mò ń bá a ṣa èèpo. Mo ṣàdédé gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ ọ́. Mo sọ ti ọ́ìlì lọ́rì. Mo sọ ti Sọ́ńdè tí mo fi falẹ̀. Mo sọ ti iyẹ̀pẹ̀ tí mo fi ẹsẹ̀ wa bò ó lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe iyanrìn, Ìyá Káyọ̀dé. Ọ́ìlì ni. Èmi ni."

Mò ń retí kó sọkún. Mò ń retí kó da igbá ẹ̀gúsí lé mi lórí, ǹ bá gbà á. Ó bó ẹ̀gúsí méjì tàbí mẹ́ta sí i, ó wá gbé ọwọ́ dúró.

Ó ní, "Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, bàbá mi ní àwọn ò lè dúró di Sọ́ńdè. Wọ́n ní àwọn máa gbé maṣín lọ bá mẹkáníìkì kan ní Iléṣà, kó yọ ọ́ìlì náà dànù. Wọ́n ti gbé e síta. Èmi ni mo kúnlẹ̀ dí wọn lọ́nà. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́, bí ẹlòmíràn bá tú u, á máa sọ káàkiri pé ọkọ mi ò mọṣẹ́. Mo ní kí wọ́n fara dà á, pé ẹ̀yin ń bọ̀ ní Sọ́ńdè. Wọ́n ní, 'Ó dáa, torí tìẹ ni o.' Wọ́n tì í padà wọlé."

Mo kó èèpo tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

"Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi bóyá ọ́ìlì ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè mọ̀. Ìdí rẹ̀ tí mo fi ń bi yín nìyẹn. Lọ́dọọdún lẹ ń sọ fún mi pé iyanrìn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń rí oorun sùn láti ọdún dé ọdún."

Ó wo ojú mi, kò bínú. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, kí ló dé tí ẹ ò fi iyanrìn náà sílẹ̀ fún mi?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mi ò lè kó o padà. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò jẹ̀bi ohunkóhun nínú rẹ̀, pé èmi ni mo mọ ọ́ìlì, èmi ni mo mọ ọyẹ́, òun kò mọ̀. Mo sọ ọ́ lóòótọ́, mo sọ ọ́ ju ìgbà kan lọ. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ sí ilé ìdáná.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún náà, ó din àkàrà bó ti máa ń ṣe. Ó pín in fún gbogbo èèyàn. Ó gbé tèmi wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé àkàrà dání, mi ò jẹ ẹ́, mò ń dúró. Mo ti pinnu pé bó bá béèrè, màá ní iyanrìn ni, màá búra sí i. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó fọ ọwọ́, ó kó àwo. Kò béèrè lọ́dún náà, kò béèrè lọ́dún kejì. Ọdún kẹta kò pé tó fi lọ.